ÌGBÀJÁ, ỌKỌ̀ KÉKERÉ INÚ ỌKỌ̀ ŃLÁ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka orí 27 nínú Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí pé ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ lọ sí ìhà Róòmù ní ìgbàjá tí ó ń wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí ìjì dé lẹ́bàá erékùṣù Klauda, làálàá púpọ̀ ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fà á gòkè. Ní òru kan lẹ́yìn náà àwọn atukọ̀ fẹ́ fi í sá lọ, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun gé okùn rẹ̀, omi sì gbé e lọ. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Nítorí náà àṣà kí ọkọ̀ ńlá mú ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe láti gba gbogbo èrò là ni a ṣe kàn án.

Kí ni ó wà fún, nígbà náà? Iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè rìn láìsí afẹ́fẹ́, kò sì lè súnmọ́ èbúté tí omi rẹ̀ kò jìn. Bí omi mímu bá tán, ìgbàjá ni yóò kó àgbá òfìfo lọ sí ẹnu odò, tí yóò sì kó wọn bọ̀ ní kíkún. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, a ó so okùn mọ́ ọn, àwọn tí ń wà á yóò sì fi agbára àjẹ̀ fa ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn, bí ẹni ń fa màlúù olóríkunkun. Bí ọkọ̀ bá há sórí iyanrìn, wọn a gbé ìdákọ̀ró sínú ìgbàjá, wọn a wà á lọ síbi tí omi jìn, wọn a jù ú sílẹ̀. Àwọn tí ó kù nínú ọkọ̀ a sì máa fa okùn ìdákọ̀ró náà títí ọkọ̀ yóò fi yọ. Ní etíkun tí a kò mọ̀, ìgbàjá ní ń ṣáájú, tí ẹnìkan ń sọ òjé olókùn sínú omi láti wọn jíjìn rẹ̀.

Lẹ́yìn àkókò tí a ń wọ́ ọ tẹ̀lé ọkọ̀, a wá ń gbé èyí tí ó tóbi jù sí àárín ọkọ̀, láàárín àwọn òpó. Níwọ̀n bí kò ti sí ààyè láti fi ṣòfò, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ni wọ́n sábà ń kó sínú rẹ̀! Ẹ rò ó wò bí yóò ti rí bí ewu bá dé lójijì. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn apá tí a fi ń so ìgbàjá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó lè tètè sọ̀kalẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀.

Síbẹ̀ ìgbàjá ti gba ẹ̀mí là rí lọ́nà ìyanu. Ní ọdún 1789 ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Bounty ń kó igi gbẹ̀rẹ̀fútù láti Tahiti lọ sí àwọn erékùṣù West Indies. Ní ọjọ́ 28 oṣù April, Fletcher Christian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ William Bligh, ọ̀gá wọn, wọ́n sì ti òun àti ènìyàn 18 sínú ìgbàjá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23. Búrẹ́dì bí 150 pọ́ùn àti omi 28 gálọ́ọ̀nù ni olórí oúnjẹ wọn. Ní Tofua, erékùṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí, àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn ní òkúta pa. Láti ìgbà náà wọn kò tún fẹ́ ya ibi tí ènìyàn ń gbé. Bligh fi igbá àgbọn méjì ṣe òṣùwọ̀n, ó sì fi ọta ìbọn kan, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 25 pọ́ùn, wọn búrẹ́dì fún olúkúlùkù, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ìgbà tí òjò kò dá mọ́, ó ní kí wọ́n rẹ aṣọ wọn sínú omi òkun, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì tún wọ̀ ọ́, nítorí omi òkun kò tutù tó omi òjò. Ní ọjọ́ 14 oṣù June wọ́n dé Coupang ní erékùṣù Timor, lẹ́yìn ìrìn àjò tí ó ju 3,600 máìlì òkun lọ. Yàtọ̀ sí ẹni tí a pa ní Tofua, kò sí ẹni tí ó kú lójú ọ̀nà. Ní tèmi, igbá àgbọn méjèèjì yẹn ni ó gbà wọ́n là ju ìgbòkun lọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní November 1820 àbùùbùtán kan fi orí kọlu ọkọ̀ Essex ti Amẹ́ríkà títí ó fi rì. Ogún ọkùnrin bọ́ sínú ìgbàjá mẹ́ta, mẹ́jọ péré ni ó sì yè.

Ní etíkun tiwa, ìgbàjá òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ní Ouidah, àwọn atukọ̀ tí a gbà láti Gold Coast ni ó ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn la ìgbì náà kọjá, àti ẹrù àti ẹrú. Ṣùgbọ́n ní December 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó tóbi kò lè gba ẹnu ọ̀sà Èkó wọlé, ìgbàjá ni wọ́n kó ọmọ-ogun sí láti wá bá Kòsọ́kọ́ jà, títí wọ́n fi dá Akíntóyè padà sórí oyè.

Nígbà tí ọkọ̀ ńlá Titanic rì ní April 1912, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ju 2,200 lọ, ìgbàjá rẹ̀ kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Òfin ìgbà náà kò béèrè jù bẹ́ẹ̀. Ní January 1914 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí ọkọ̀ akérò ní ìgbàjá tí ó tó gbogbo ènìyàn inú rẹ̀.