Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí Ọmọ Bá Fi Ilé-Ìwé Sílẹ̀

 

Nígbà tí èsì CEP àti BEPC bá jáde, ilé kan á máa jó, ilé kejì á dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ilé tó dákẹ́ yẹn, bàbá ń sọ pé òun ò rówó ọdún mìíràn san, ìyá ń wo ojú ọmọ, ọmọ fúnra ẹ̀ ń sọ pé òun ò lọ mọ́. Ilé yẹn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀nà sílẹ̀ tó forí lé inú igbó, ṣé yóò bá ọjà? Ọmọ tó kúrò nílé-ìwé, tó di ẹni tó ń ta bẹntiróò kpayo létí títì, tàbí tí wọ́n mú lọ sílé onílé ní Èkó láti máa fọ abọ́, kò tíì rí ọ̀nà. Ó kàn kúrò ni.

Ẹ gbọ́ ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1920. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ó sì kúrò nílé-ìwé. Ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ń kọ ìtàn. Ní 1952, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ẹ má gbọ́ mi lódì o: kíkúrò nílé-ìwé kọ́ ló gbé e ga. Ó mọ̀wé kà, ó mọ̀wé kọ, ó sì kọ́ṣẹ́. Ohun tó mú lọ́wọ́ jáde nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ó parí, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè: kí ló lé e? Ṣé owó ni? Ṣé ojú rẹ̀ ni kò rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó? Ṣé oyún ni? Ẹni tí ojú ń dùn, ilé ìwòsàn ni yóò lọ. Ọmọbìnrin tó bímọ lè padà sí kíláàsì. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́ láti 2006. Ẹni tó sì ti kúrò ṣì lè padà jókòó ṣe BEPC bíi candidat libre.

Bí ó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ pé ọdún 14 kí ẹ tó mú un lọ bá ọ̀gá. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí: ọdún mélòó? Èló ni owó ìwọlé? Ta ni yóò ra irinṣẹ́? Èló ni owó ìdásílẹ̀? Àìsọ èyí lójú ọjọ́ kìn-ín-ní ló ń mú kí ọmọ tó ti mọṣẹ́ tán máa gbálẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá títí, torí pé owó libération ò tíì pé.

Ẹ béèrè nípa ìwé-ẹ̀rí pẹ̀lú. CQP wà fún ọmọ tó ti ka ìwé dé CM2: yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò sì tún máa lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní àwọn ọjọ́ kan. CQM sì wà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ látijọ́. Ẹ lọ sí méèrì, tàbí kí ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nípa ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀.

Ìwọ ọmọ tí ò ń gbọ́ mi, má sọ ìwé nù. Aránṣọ tí kò mọ ìṣirò, ó máa gé yáàdì oníyáàdì bàjẹ́, á sì san án. Ra ìwé kékeré kan, kọ ohun tí o kọ́ lóòjọ́ sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Yorùbá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mélòó ló kúrò nílé-ìwé lábúlé yín lọ́dún yìí? Níbo ni wọ́n wà báyìí? Nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, ta ló ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́? Ẹ kọ ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́.