Ṣé òkúta ojú ọ̀run ni àbí ìdàrọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó náwó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ òkúta ni. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2025, òkúta kan wà tí wọ́n tà ní gbàǹjo ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo owó orí rẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.3 dọ́là. Kò tó kílò 25, bíi ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan péré. Agbègbè Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, tó bá Kátísínà pààlà, ni wọ́n ti rí i nínú aṣálẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023.

Kí ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Láti inú Mars ló ti wá, plánẹ́ẹ̀tì pupa tí a máa ń rí lójú ọ̀run lóru.

Irú ìròyìn báyìí a máa ru èèyàn sókè. Ẹni tó bá rí òkúta dúdú lẹ́bàá ọ̀nà á rò pé oríire ti dé, gbájúẹ̀ náà á sì ti rí ohun tuntun tà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa, kí ẹni tó bá fẹ́ máa ṣa irú òkúta yìí jọ fún ìgbádùn ara rẹ̀ mọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà, kí ẹni tí wọ́n bá sì gbé e wá bá lọ́jà má baà fi owó ọmọ ra ìdàrọ́.

KÍ NI ÒKÚTA OJÚ Ọ̀RUN?

Òkúta ńlá àti kékeré pọ̀ lọ bíi rẹrẹ tó ń yí oòrùn po, àárín Mars àti Jupiter ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, á sì kó sínú afẹ́fẹ́ ayé wa pẹ̀lú eré tó lé ní kìlómítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ara rẹ̀ á gbóná débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó máa ń là kọjá nígbà náà ni a máa ń nawọ́ sí tí a ó ní ìràwọ̀ já. Èyí tó pọ̀ jù máa ń jó tán lókè. Èyí tó bá ṣẹ́kù tó sì balẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní meteorite.

Ẹ má rò pé iná máa ń jó lára rẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀ o. Eré rẹ̀ á ti dínkù kó tó dé ilẹ̀, ara rẹ̀ lóde nìkan ni iná sì rà, inú rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá sọ pé òun rí òkúta tó já láti ọ̀run tó sì sun igbó, ẹ rọra gbọ́ tirẹ̀.

ÈYÍ TÓ BỌ́ SÍ Ẹ̀GBẸ́ WA NÍBÍ

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ nítòsí àpáta Zagami, ní ìgbèríko Kátísínà ìgbà náà. Ó gbọ́ ìró ńlá kan, afẹ́fẹ́ sì tì í gbọ̀n-ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ohun kan balẹ̀ gbì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ibi tó dúró sí, èéfín díẹ̀ sì rú. Ihò tí ó gbẹ́ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, òkúta tó wà nínú rẹ̀ sì tó kílò 18. Ọlọ́run ló yọ àgbẹ̀ náà.

Kàdúná níbí ni wọ́n gbé òkúta náà wá, sí ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ti ìjọba. Ibẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Nígbà tó di ọdún 1988, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣòwò òkúta ojú ọ̀run, Robert Haag, gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ nípa pàṣípààrọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé e ní wẹ́wẹ́ tà fún àwọn aṣòkúta-jọ àti ilé ìwádìí káàkiri ayé.

Àwọn onímọ̀ ti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Mars ni Zagami ti wá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Lọ́dún 1976, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Viking balẹ̀ sí Mars, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú òkúta wa yìí bá ti ibẹ̀ mu. Kódà nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Mars Global Surveyor lọ sí Mars lọ́dún 1996, wọ́n fi èérún kékeré kan lára Zagami sínú rẹ̀. Òkúta tó bọ́ sí oko àgbàdo ní Kátísínà tún padà lọ sí òkè ilé rẹ̀. Nínú òkúta ojú ọ̀run tó lé ní 70,000 tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nǹkan bíi 400 péré ni ti Mars. Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ni wúrà náà mọyì rẹ̀.

Zagami nìkan kọ́. Wọ́n rí irin ojú ọ̀run ní Uwet, ní apá Calabar, lọ́dún 1903. Òmíràn bọ́ ní Udei Station, ní ilẹ̀ Benue, lọ́dún 1927. Ti Kabo, ní Kánò, bọ́ lọ́dún 1971. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1984, èyí tó tó nǹkan bíi 100 kílò bọ́ sí oko kan ní Gujba, ní Yobe òde òní. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an ní gbogbo ayé, nítorí pé irin róbótó-róbótó ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn onímọ̀ tó rí i, àwọn ará àdúgbò ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

BÍ A ṢE Ń DÁ A MỌ̀

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta rí. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: òòfà kan, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe lè yọ fún yín lára sípíkà tó ti bàjẹ́, àjákù táìlì, òṣùwọ̀n, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́. Òkúta ojú ọ̀run máa ń wúwo ju òkúta lásán tí wọ́n jọ tóbi bákan náà lọ. Ẹ wo ara rẹ̀: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, níbi tí iná ti yọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní ojú ihò bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkùn so òòfà náà rọ̀, kí ẹ sún un mọ́ òkúta náà. Bí ó bá fà á, ẹ máa bá yíyẹ̀wò lọ. Bí kò bá fà á rárá, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Mars àti ti òṣùpá kì í sábà ní irin púpọ̀ nínú. Ẹ má fi òòfà alágbára pa á lára ṣáá o, nítorí ó ń ba ohun tí àwọn onímọ̀ fẹ́ kà nínú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ fi igun rẹ̀ kan fa ìlà sí ẹ̀yìn táìlì níbi tí kò dán. Bí ìlà náà bá pupa bí ilẹ̀ yangí, tàbí tó dúdú bí èédú, òkúta ilẹ̀ wa níbí ni. Ti ọ̀run kì í sábà fi àmì gidi kan sílẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha igun kékeré kan: bí inú rẹ̀ bá ń kọ mànà bí èérún irin, tàbí tí ẹ rí hóró róbótó-róbótó nínú rẹ̀, ìrètí wà. Àmọ́ bí ihò afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀ bíi búrẹ́dì, ẹ gbé e jù sílẹ̀.

OHUN TÓ MÁA Ń TAN ÈÈYÀN JẸ

Àkọ́kọ́ ni yangí, tó kún ilẹ̀ Nàìjíríà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkejì ni ìdàrọ́, pàǹtí tí àwọn baba ńlá wa dà nù nígbà tí wọ́n ń yọ́ irin. Ó dúdú, ó wúwo, òòfà sì lè fà á. Ní Taruga, nítòsí Abuja, èèyàn ti ń yọ́ irin láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, nítorí náà ìdàrọ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ ju òkúta ojú ọ̀run lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Ìkẹta ni edun àrá. A kò fẹ́ bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà, a sì mọ ipò tó wà lójúbọ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wádìí ohun àtijọ́ sọ pé àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ lọ̀ tó fi mú ni. Òkúta ojú ọ̀run kì í ti òkè wá pẹ̀lú ojú àáké.

Ìkẹrin ni ariwo. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ìró ńlá kan dún lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó gbẹ́ kòtò ńlá, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ pé ohun abúgbàù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé kọjá ló dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti fásitì Ifẹ̀ sọ pé òkúta láti ojú ọ̀run ni, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ta kò ó. Títí di òní, kò sí òkúta ojú ọ̀run kankan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kòtò kì í ṣe ẹ̀rí, ìró kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Òkúta fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ẹ FI ARABALẸ̀ ṢE É

Bí ẹ bá rí èyí tó jọ òótọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni lọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá wúrà wà nínú rẹ̀. A kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú ilé, tí òjé inú rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Kò sí òkúta tó tó ẹ̀mí ọmọ.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó gbé e. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ abúlé sílẹ̀, nítorí orúkọ ibi tó bọ́ sí ni wọ́n ń fi pe òkúta ojú ọ̀run. Ẹ wẹ̀ ẹ́ wò lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ wé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa òkúta ní fásitì Ahmadu Bello ní Zaria tàbí ti Jos, tàbí sí ọ́fíìsì Nigerian Geological Survey Agency. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè wá níkẹ́ẹ̀lì nínú irin rẹ̀, èyí tí irin ojú ọ̀run kì í ṣaláìní. Kí wọ́n tó gba orúkọ òkúta tuntun wọlé lágbàáyé, ègé kan gbọ́dọ̀ wà nílé ìwádìí: ó kéré tán gíráàmù 20, tàbí ìdá 20 nínú 100 bí òkúta náà bá kéré.

Ẹ jẹ́ ká rántí pẹ̀lú pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Òkúta tó wà nínú oko Mallam Audu kì í ṣe tiwa nítorí pé àwa la kọ́kọ́ rí i. Ẹ bá ẹni tó ni oko sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí máíàńgúwà gbọ́. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ àti lórí ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ òfin kí ẹ tó ta ohunkóhun. Lórí òkúta Agadez yẹn, ìjọba Niger bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lẹ́yìn tí wọ́n tà á, wọ́n sì dá kíkó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde nílùú dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé gbàǹjo náà ní àwọn tẹ̀lé gbogbo ìlànà. Ẹni tó bá fi wàràwàrà tà lè bá ara rẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Ní ti ẹni tó ń ta òkúta ojú ọ̀run kiri lọ́jà, ẹ bi í léèrè méjì péré: ilé ìwádìí wo ló yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ wo ni wọ́n sì fi sínú ìwé? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ má jẹ́ kí èyí tí a sọ yìí pa ìfẹ́ ọkàn yín. Ní Norway, akọrin kan tó ń ta gìtá, Jon Larsen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòfà yẹ eruku orí òrùlé wò. Gbogbo èèyàn ló sọ pé kò lè rí nǹkan kan. Lọ́dún 2017, òun àti àwọn onímọ̀ kan gbé e jáde pé àwọn ti rí èérún ojú ọ̀run 500 lórí òrùlé ìlú, èyí tó pọ̀ nínú wọn kò tó ìdajì mìlímítà. Kì í ṣe onímọ̀ òkúta tẹ́lẹ̀, sùúrù ló ní.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra òòfà fún àwọn ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣa òkúta, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún kan bá jẹ́ yangí, ojú wọn á ti mọ yangí. Lọ́jọ́ tí èyí tí kì í ṣe yangí bá sì bọ́ sí oko ẹnìkan ní agbègbè wa, kò ní jẹ́ pé wọ́n fọ́ ọ bíi ti Gujba. Ẹni tó máa mọ̀ ọ́n á wà nítòsí.