Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ATALẸ̀ GBẸ MỌ́ YÍN LỌ́WỌ́: ṢÚGÀ LÈ SỌ Ọ́ DI OWÓ

Kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ bí ó ṣe ń dun ni tó láti da ọjà nù. Ẹni tó ń ta tòmátì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta ewédú mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta atalẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Lónìí atalẹ̀ á wúwo, ara rẹ̀ á máa dán, oníbàárà á máa dù ú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, ara rẹ̀ á hunjọ bí ara arúgbó, á fúyẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Oníbàárà ọjọ́sí á wá ní, "Màmá, èyí ti gbẹ jù, ẹ bá mi dín owó ẹ̀ jàre." Bí ìyá bá dín in, èrè ti lọ. Bí kò bá dín in, owó ọjà ti lọ.

Ìdí tí atalẹ̀ fi ń ṣe báyìí kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá pín atalẹ̀ tútù sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́jọ níbẹ̀ ló jẹ́ omi. Omi yìí ló ń gbẹ tó fi ń fúyẹ́, omi yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kó hu. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ omi yẹn kúrò, tó sì fi ṣúgà dí àyè rẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Bí iyọ̀ ṣe ń tọ́jú ẹja náà ni ṣúgà ṣe ń tọ́jú atalẹ̀: kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ kò rí omi tí yóò mu, kò sì lè gbé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò gba ẹ̀rọ, kò sì dúró de iná ìjọba. Ìkòkò kan, ṣíbí onígi kan, ṣúgà àti sùúrù, ó parí. Ẹni tó bá ti ṣe baba dúdú rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí ó ti mọ ìwà ṣúgà lórí iná.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ṣúgà tọ́jú atalẹ̀ láti ayébáyé. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àwọn àgbẹ̀ ìlú kan tó ń jẹ́ Buderim kó ara wọn jọ ní ọdún 1941, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣúgà se atalẹ̀ oko wọn tà. Títí di òní olónìí, orúkọ ìlú náà ṣì wà lára ọjà wọn. Ẹ ò rí i pé àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n, àfi pé wọn kò jẹ́ kí atalẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn ní tútù.

Tiwa ńkọ́? Íńdíà ló ń gbin atalẹ̀ jù lágbàáyé, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ̀ lé e. Gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná ni ojúlówó oko rẹ̀ wà, ní agbègbè Kachia, Kwoi àti Kafanchan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atalẹ̀ tó ń dé Bódìjà n'Ìbàdàn àti Mile 12 l'Ékòó ti ń wá. Àwọn Haúsá ń pè é ní citta, oríṣi méjì ni wọ́n sì mọ̀ jù. Ọ̀kan ni tafin giwa, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ erin: ó sanra, inú rẹ̀ pọ́n bí òdòdó. Èkejì ni yatsun biri, ìka ọ̀bọ: ó tín-ín-rín, inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì máa ń ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fún iṣẹ́ ṣúgà yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ erin ló rọrùn jù, torí ó ṣeé bó, ó sì ṣeé gé ní fẹ̀ǹfẹ̀.

Ọdún 2023 kò dára fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn rárá. Àrùn kan bo oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná. Ewé ń pọ́n, ó ń gbẹ, ìdí atalẹ̀ sì ń rà nínú ilẹ̀. Ẹlòmíràn gbin oko ńlá, kò rí irúgbìn tí yóò tún gbìn kó jọ. Ọjà wọ́n, owó àpò kan fò sókè débi pé àwọn tó ń ṣe kunu àti sóbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn ka ẹyọ atalẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọjà bá wọ́n báyẹn gan-an ni èèyàn máa ń mọ̀ pé èyí tí òun dà nù lánàá, owó ni. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

BÍ Ẹ Ó ṢE YÀN ÁN

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa: atalẹ̀ tó ti rà kò ṣeé fi ṣúgà tún ṣe. Èyí tó bá ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, tàbí tó ti hu wọnú, àkìtàn ni ilé rẹ̀. Èyí tí ẹ ó mú ni èyí tó ṣì le, tó wúwo lọ́wọ́, tí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ, tó dún "pàú". Bí ẹ bá ti rí i pé ọjà fẹ́ falẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ ní kíá, kó tó di pé ó hunjọ. Atalẹ̀ tí kò tíì gbó jù ló dára jù lọ, torí okùn inú rẹ̀ kò tíì le.

BÍ WỌ́N ṢE Ń SÈ É

Ẹ fi ìdajì kílò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì kó àpò kan sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fọ atalẹ̀ náà dáadáa, kí yẹ̀pẹ̀ kúrò ní gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ bó o, torí ọ̀bẹ á jẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́ èèpo. Etí ṣíbí ni kí ẹ fi ha á, èèpo á ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e ní ìbú, kí okùn inú rẹ̀ lè di kéékèèké. Kí ó nípọn tó mílímítà 3, bí owó kọ́bọ̀ méjì tí wọ́n tò lé ara wọn.

Ẹ dà á sínú ìkòkò, ẹ bu omi bò ó, ẹ sè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, títí fọ́ọ̀kì yóò fi máa wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó ta púpọ̀, kó da omi àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó bu omi mìíràn sí i. Tó bá ti rọ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má da omi rẹ̀ nù! Ẹ bu bíi ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó kù, kí ẹ fi ìyókù po tíì tàbí kí ẹ dà á sínú sóbò.

Ó kan ṣúgà wàyí. Bí atalẹ̀ tí ẹ sè ṣe wúwo tó ni kí ṣúgà wúwo tó. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dun òun. Ìdajì kílò atalẹ̀, tí ẹ bá ti bó o tán, kò ní ju nǹkan bí 400 gíráàmù lọ. Ẹ ra ìdajì kílò ṣúgà, ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀, ìyókù ni ti ìkòkò.

Ẹ da atalẹ̀, ṣúgà àti omi ṣíbí mẹ́rin yẹn sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ṣúgà á yọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ máa rò ó látìgbàdégbà. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, omi ṣúgà náà á ki bí oyin. Ibí yìí ni kí ẹ ti fojú sí i, ẹ má lọ dáhùn ẹni tó ń pè yín lóde! Láìpẹ́, ẹ ó rí i pé ó ń funfun, pé ṣúgà ń dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bí iyọ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó kíkankíkan, atalẹ̀ á gbẹ, á sì máa yà kúrò lára ara wọn. Ẹ sọ̀ ọ́ kíá.

Ẹ dà á sórí tíréè, ẹ fi fọ́ọ̀kì méjì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì yí i nínú ṣúgà tí ẹ yà sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin, kó sùn síbi tí atẹ́gùn wà. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní gbígbẹ. Lásìkò òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Tó bá gbẹ tán, ẹ kó o sínú ìgò tó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ fún dáadáa. Bí ọwọ́ tútù kò bá wọ inú rẹ̀, ó lè ṣe oṣù mẹ́ta láìbàjẹ́.

BÍ ÌṢÒRO BÁ DÉ ŃKỌ́?

Bí ṣúgà bá dì kí atalẹ̀ tó jinná, ẹ wọ́n omi ṣíbí méjì sí i, ẹ gbé e padà síná, á tún yọ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò dì, ẹ má sunkún. Ẹ kó atalẹ̀ pẹ̀lú omi ṣúgà rẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Òun náà ní orúkọ lójà àgbáyé, tíì á sì dùn lára ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ti pọ́n tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti bọ́ nìyẹn, ó ti korò. Iná tó pọ̀ jù ló fà á.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ṣúgà tó ń hó gbóná ju omi tó ń hó lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ lé ọmọdé jìnnà sí ìdí iná. Bí ó bá ta sí èèyàn lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bí ojú iná náà bá fẹ̀, ọsibítù yá.

Èkejì, àwọn kan máa ń pariwo nínú mọ́tò pé atalẹ̀ ń wo àrùn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Irọ́ gbuu! Ohun tí àwọn dókítà yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí ni pé ó lè ran ẹni tí èébì ń gbé lọ́wọ́, títí kan aláboyún. Síbẹ̀, kí aláboyún kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn gbọ́dọ̀ bi dókítà. Ẹni tó sì ní ìtọ̀ ṣúgà, kó má tan ara rẹ̀: atalẹ̀ lorúkọ ẹ̀, ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀.

ṢÉ OWÓ WÀ NÍBẸ̀?

Owó wà níbẹ̀, bí ẹ bá mọ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ òwò ilé ló ń kú nítorí pé owó gáàsì àti owó ọkọ̀ kò wọ inú ìwé. Ẹ mú búùkù kékeré kan, ẹ kọ owó atalẹ̀, ṣúgà, gáàsì, ọ̀rá àti ọkọ̀, kí ẹ má sì gbàgbé owó iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000, tí ẹ sì rí ọ̀rá 30 dì. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ti gba ₦200 lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹni tó bá tà á ní ₦200 kò jèrè kọ́bọ̀, ó kàn ń ṣeré ni. Ẹni tó bá sì tà á ní ₦150 torí kó lè tètè tán, ó ń fi owó ọkọ rẹ̀ bọ́ àdúgbò.

Ẹ di ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Awakọ̀ tí oorun ń kùn, télọ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ látàárọ̀, mẹkáníìkì tí ẹnu rẹ̀ kú, gbogbo wọn ló lè rà á. Ẹ fún wọn tọ́ wò ná. Àmọ́ bí òwò náà bá ti fẹ́ gbòòrò, ẹ rántí pé òfin ní kí oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tàbí páálí fún títà ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ lọ béèrè ohun tó gbà ní ọ́fíìsì wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn dẹ́rù bà yín gba owó.

Ọ̀pọ̀ atalẹ̀ ilẹ̀ yìí ló jẹ́ pé wọ́n kàn là á sí méjì, wọ́n sá a, wọ́n sì kó o lọ sókè òkun. Ẹlòmíràn ló ń fi ṣúgà sè é lọ́hùn-ún, tí èrè ńlá sì ń bọ́ sí àpò rẹ̀. Ìkòkò kan nílé ẹyọ ìyá kan kò lè yí ìyẹn padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìyá tó dá agbọ̀n kan dúró kó má di àkìtàn ti jèrè agbọ̀n kan.

Ẹni tó bá dán an wò, tó sì rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú ewé lẹ́tà kì í kún jù fún ohun tó ń ṣe aráàlú láǹfààní.