Ẹ Má Fa Aláìsàn Lápá

Ẹ̀yin ìyá ọjà o! Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyá tàbí ọkọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sílé. Ẹ̀yìn tá a fi ń gbé àpò gàrí náà la fi ń gbé wọn. Tó bá wá bà jẹ́, ta ni yóò pàtẹ?

Ẹ má fa apá tó ti rọ, èjìká lè yẹ̀. Ẹ pe ẹnì kejì. Ẹ tẹ́ ìró tó nípọn sábẹ́ aláìsàn, kẹ́ ẹ dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kẹ́ ẹ fi sún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Bí àwọn ọmọ bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ìyẹn hoist, ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, ẹ wo ìwọ̀n kílò tí wọ́n kọ sí i lára. Bí aṣọ tó ń gba aláìsàn dúró bá ti ya, ẹ má lò ó, ẹ má sì fi ìró dípò rẹ̀. Ẹ má fi aláìsàn sílẹ̀ lókè lórí ẹ̀rọ.

Kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé láti OOUTH Ṣágámù tàbí ọsibítù mìíràn, ẹ ní kí wọ́n fi bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e hàn yín.

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kí ara tiẹ̀ náà le o.