Àwọ̀n tàbí Àtòpọ̀ Ègé? Orúkọ fún Iṣẹ́ Kan lórí Ọkàn Aláìsàn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ògbufọ̀ wo iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe kí ó tó wá orúkọ fún un. Àpẹẹrẹ kan ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò àti oníṣègùn ọkàn ń pè ní mesh ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ihò ni agbára àwọ̀n: ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde tí ẹja fi ń há. Nínú iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ihò kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ya ọkàn aláìsàn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fa ààlà láàrin ògiri ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, wọn yóò sì sàmì sí ibi tí àpá wà. Kọ̀ǹpútà yóò so àwọn ààlà náà pọ̀ di awọ òde tí ó dán, yóò sì fi ègé kéékèèké kún inú rẹ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi ibi tí fọ́nrán iṣan dojú kọ hàn nínú ègé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé iná mọ̀nàmọ́ná tí ń mú ọkàn lù a máa yára ní gígùn fọ́nrán ju ní ìbú rẹ̀ lọ.

Ègé, nígbà náà, ni kókó ọ̀rọ̀. Ní 1960, Ray Clough ti Yunifásítì California ní Berkeley fún ọ̀nà ìṣirò tí ó bí iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n títí di òní. Ègé ni orúkọ náà dá lé, kì í ṣe ihò.

Ìtóbi ègé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ní 2011, Steven Niederer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣòro kan náà fún ètò kọ̀ǹpútà 11: kí wọ́n ṣírò àkókò tí iná ọkàn yóò fi la búlọ́ọ̀kù iṣan kan já, èyí tí ó gùn ní mìlímítà 20, tí ó fẹ̀ ní 7, tí ó sì nípọn ní 3. Nígbà tí ègé jẹ́ mìlímítà 0.5, ìdáhùn wọn jìnnà síra. Nígbà tí ó di 0.1, wọ́n súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dín ìbú ègé kù sí ìdajì yóò rí i pé iye ègé di ìlọ́po 8. Ègé tí ó bá sì tẹ́ jù a máa ba ìṣirò jẹ́.

Ẹ̀mí ènìyàn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2016, Natalia Trayanova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí àwòṣe ọkàn aláìsàn 41 tí àrùn ọkàn ti dá àpá sí lára. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwòṣe náà lè sọ ọkàn tí ìlù rẹ̀ lè dàrú lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, àtòpọ̀ ègé ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ náà mu. Ibi tí igun àwọn ègé ti pàdé lè máa jẹ́ oríkèé. Ègé olójú mẹ́rin ni kí a pe èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Onígun mẹ́rin kò yẹ ẹ́, nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti fi ìyẹn pe àwòrán mìíràn. Àwọ̀n pàápàá kò di ohun ìdanù: ó bá ìlà onígun mẹ́ta tí ó bo awọ òde mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ àwọ̀n yóò béèrè ohun tí ń gba ihò rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó bá gbọ́ àtòpọ̀ ègé yóò béèrè bí ègé náà ti tóbi tó. Ìbéèrè kejì yìí ni ó ṣe aláìsàn ní àǹfààní.