Bí Ẹ̀rù Ṣe Kúrò Nínú Igbó Wọ Ààfin

Ìtàn abanilẹ́rù kì í dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ti wà láàárín ìlú ló máa ń gbé ara wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba ìran kan lẹ́rù, kó wo ibi tí iwin inú ìtàn wọn ń gbé.

Ní 1938, ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló kọ ọ́. Inú igbó ni Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún, ń gbé. Ọba kì í ṣe ewu níbẹ̀. Òun ló rán Àkàrà-Oògùn àtàwọn ọdẹ yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí ire ìlú.

Ìgbà yí padà. Ní 1993, ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12, Túndé Kèlání gbé fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde: ìjòyè kan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ àjogúnbá fún iléeṣẹ́ elépo, ikú sì tọ̀ wọ́n wá. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, Ọba Lápité sá fún ìbúra oyè kó lè rówó kó jẹ. Àwọn agégẹdú ń run igbó Jogbo, ìlú rẹ̀, òun ń gba tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ gẹdú lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ mọ ohun tí fíìmù náà ń wí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú ìtàn yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ń fún ìwà ìbàjẹ́ ní ara tí ojú lè rí. Ó ń fi ìlú tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ bo òǹkọ̀wé láṣìírí, torí kò sí aláṣẹ tó máa jáde sọ pé òun ni Lápité. Ó sì ń dájọ́ tí kóòtù kò dá: nínú Ṣaworoidẹ, Làgàtà, ológun tó fipá gbàjọba, dé adé láìbúra oyè, ìlù ṣaworo dún, orí fífọ́ sì pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè ṣìnà. Ọ̀pọ̀ fíìmù wa ṣì ń di gbogbo ìyà ìlú ru ìyá arúgbó tí wọ́n pè ní àjẹ́, àwọn tó kó owó ilé ìwòsàn jẹ sì ń lọ láìfarapa. Nítorí náà, bí ìtàn bá dẹ́rù bà yín, ẹ wo ẹni tó nàka sí. Bó bá jẹ́ alágbára ni, ó ń jà fún ìlú. Bó bá jẹ́ aláìní olùgbèjà ni, alágbára ló ń bá bo àṣírí.