BÍ IṢẸ́ OṢÙ BÁ DI IṢẸ́ ÀGBÀṢE: TA NI YÓÒ TỌ́JÚ ARA ÒṢÌṢẸ́?

Láti bí oṣù méjì ni lẹ́tà ti ń wọlé sí mi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyàwó ilé ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ wọ́n. Ọkọ wọn ń bá ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹrù fún oníbàárà ṣiṣẹ́, àwọn tí ń fi ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ kékeré gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní dísípáàṣì. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí àwọn ọ̀gá ti ń sọ ọ́ pé iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ọwọ́ alágbàṣe, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ dúró yóò fi ìwé ìgbàṣíṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò wá máa gba owó lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá àwọn ọmọ mi kì í sùn mọ́. Wọ́n á jí ní aago méjì òru, wọ́n á lọ jókòó sí pálọ̀ láìtan iná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ọjọ́ kan ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á fo ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?"

Ẹlòmíràn lè ní kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Ó kàn mí gan-an ni, nítorí orí tábìlì mi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá sọ òṣìṣẹ́ di alágbàṣe, gbogbo ènìyàn a máa ka epo, táyà àti owó mẹkáníìkì mọ́ ohun tí yóò máa ti àpò rẹ̀ jáde. Ohun kan wà tí wọn kì í kà, òun ni àìsàn. Ọjọ́ tí ibà bá dá òṣìṣẹ́ oṣù dùbúlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni ó pàdánù ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ alágbàṣe ni ibà dá dùbúlẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ni yóò pàdánù rẹ̀.

Iṣẹ́ àgbàṣe kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa Yorùbá. Bàbá mi dá oko kòkó, wọ́n sì máa ń pe alágbàṣe nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí àdá bá ṣá alágbàṣe lẹ́sẹ̀ nínú oko wa, bàbá mi ni yóò wá ewé tí wọn yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró (ẹ̀yin ẹ má wo èyí ṣe o, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in), àwọn ni yóò gbé e lọ sí díspẹ́ńsárì, ìyá mi ni yóò sì máa bọ́ ọ títí ẹsẹ̀ yóò fi gbé e. Ojú mọ ojú. Àgbàṣe ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ni ó ń pín iṣẹ́, fóònù kò sì mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi sílẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí à ń pè ní Labour Act, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tó 12 lọ́dún tí yóò fi gba owó rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, bí dókítà bá ti kọ ìwé sí i. Ó tún fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, ó kéré tán, tí ó bá ti pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 wá pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ NSITF, kí a lè fi tọ́jú ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kí a sì fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní owó bí ó bá kú. Òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tí ó ti fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ ara òun ni òun ń ṣe, yóò ṣòro fún un láti na ọwọ́ dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sì fi èyí kún un fún àwọn tí iṣẹ́ oṣù ṣì wà lọ́wọ́ wọn: bí ẹ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí ọjọ́ 14 tó kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rọ́jú títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Ìlú Ọba, ilé-iṣẹ́ DPD tí ń gbé ẹrù kiri ní àwọn awakọ̀ tí wọ́n kà sí ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Awakọ̀ tí kò bá wá síṣẹ́, tí kò sì rí ẹni tí yóò dí àlàfo rẹ̀, wọ́n lè bu ìtanràn £150 fún un ní ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún 53, ní àìsàn àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2017 wọ́n gba ìtanràn yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó lọ rí dókítà nípa àìsàn náà. Lẹ́yìn èyí ó ń fo ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá fún un. Ó ti dákú rí níbi tí ó ti ń wa ọkọ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018, ó kú. Opó rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, àwọn ìwé ìròyìn gbé e, nígbà tí ó sì di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan náà ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn fòpin sí ìtanràn yẹn, àti pé awakọ̀ tí ó bá fẹ́ lè yan ipò tí yóò ti máa gba owó àìsàn àti owó ìsinmi. Èmi kò ní sọ pé £150 ni ó pa ọkùnrin náà, àtọ̀gbẹ ni. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ jẹ́ àìsàn tí ènìyàn lè bá gbé pẹ́ tí ó bá ń rí dókítà déédéé, ohun tí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé lórí gan-an nìyẹn.

Ní Spain, ìjọba ṣe òfin ní ọdún 2021 pé kí a ka àwọn tí ń gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri lórí fóònù sí òṣìṣẹ́. Glovo, tí a mọ àpò aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, jà lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mélòó kan, kí ó tó kéde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024 pé òun yóò gba àwọn tí ń gbé ẹrù fún òun ní ilẹ̀ Spain síṣẹ́. Ẹ rí i pé ọ̀nà àgbàṣe kì í ṣe ọ̀nà tí a kò lè padà lórí rẹ̀.

Nínú àwọn lẹ́tà tí mo gbà, ẹnì kan kọ̀wé pẹ̀lú ìbínú pé "àwọn ọmọ àgbàṣe wọ̀nyí" ni wọ́n ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn. Mo fẹ́ kí ó mọ ohun tí mo ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní díspẹ́ńsárì láìpẹ́ yìí, tí ó ń tiro. Sálẹ́ńsà ọ̀kadà ni ó jó o ní ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn. Ó ti fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, ẹnì kan ní kí ó fi epo pupa kún un, ó sì wọ ṣòkòtò jíìnsì lé e lórí, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí a bọ́ ṣòkòtò náà, awọ ara bá a wá. Mo ní, "Àbúrò, kí ni ó dá ọ dúró láti ọjọ́ yìí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọ̀kadà náà, mo ń san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bí mo bá jókòó sílé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbà á." Ọmọ ẹni ni ẹni yẹn náà. Bí òṣìṣẹ́ oṣù bá ń bá a jà, àwọn méjèèjì ni yóò pàdé lórí àga gígùn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Bí sálẹ́ńsà bá jó yín, omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sí lábẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ sì wá kí a wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ń gba owó lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan a máa fẹ́ gbé ẹrù kan sí i, àti ìkan sí i. Ní ọdún 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, kéde ohun tí wọ́n rí nípa iṣẹ́ àṣejù. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Ẹ ka wákàtí yín. Ẹni tí ó bá jáde ní aago méje òwúrọ̀ tí ó wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti kọjá 70. Kí ara lè fara da èyí ni àwọn kan ṣe ń mu paraga ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ń gbé tramadol mì ní ọ̀sán. Paraga a máa mú ojú ṣókùnkùn lórí ọ̀nà. Tramadol a máa pa ìrora tí ó yẹ kí ó sọ fún ọ pé kí o dúró, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè dá gìrì sí ọkùnrin tí ó gbó dáadáa lára. Bákan náà, ẹ má ṣe sé ìtọ̀ mọ́ra, ẹ má sì kọ omi mímu nítorí kí ẹ má baà tọ̀. Mo ti rí awakọ̀ tí ó fi èyí gba àìsàn ilé ìtọ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ lo oògùn rẹ̀ kí ó má jẹun. Kí ó fi súgà díẹ̀ sínú àpò. Bí ó bá ń làágùn òógùn tútù, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọkàn rẹ̀ kò papọ̀, kí ó dá ọ̀kadà dúró lójú ẹsẹ̀ kí ó lá a.

Wàyí o, ìyá tí ó kọ̀wé nípa ọkọ wọn. Mà, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í mọ̀ pé ènìyàn ń ṣọ́wó ná. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ó ń fo ọjọ́ kejì, ìfúnpá rẹ̀ yóò máa gòkè yóò máa sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Bí owó oògùn bá ni ìṣòro, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà gbangba. Oògùn tí owó rẹ̀ kò wọ́n tí ó sì dára wà, a kò kàn lè mọ̀ bí wọn kò bá sọ ni. Ní ti àìsùn, ẹ má bá wọn jiyàn ní aago méjì òru. Ìdájí kì í ṣe àkókò tí a ń ka owó. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn kúrò lórí fóònù, kí ẹ sì dá ọ̀sán Sunday sọ́tọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìwé. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó sàn kí àwọn má sí mọ́, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ má sì dá àwọn nìkan sílẹ̀. Ẹ mú wọn wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá jókòó ní Sunday, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ oṣù yóò parí. Títí di ọjọ́ yẹn, bí ilé-iṣẹ́ bá ní HMO, ẹ̀tọ́ yín ni láti lò ó: kí wọ́n lọ wọn ìfúnpá, kí wọ́n yẹ súgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n wo ojú, kí wọ́n gba oògùn tí yóò tó oṣù kan tàbí méjì, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú wọn sọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n bi ọ̀gá léèrè ní kíkọ: bí mo bá farapa lórí iṣẹ́ yín, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Bí n kò bá wá nítorí àìsàn, ṣé ìtanràn wà? Ẹ ka ìdáhùn náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí àgbàṣe náà bá sì di dandan, ẹ yọ owó ìlera kúrò nínú owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹ ti ń yọ owó epo. Òfin ìlera adójútòfò ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn: Ilera Eko ní Èkó, OYSHIA ní Ọ̀yọ́. Alágbàṣe lè wọ inú rẹ̀ láìsí ọ̀gá kankan.

Àwọn awakọ̀ tí wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wá wọn ìfúnpá, ẹ máa bọ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù àkọ́kọ́. Ẹ má tíì mu kọfí, ẹ má tíì mu sìgá, kí ẹ lọ tọ̀, kí ẹ sì jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó pè mí. Bí ó bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe já láyà, n ó ní kí ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn kí a tún un wọ̀n kí a tó fún un lórúkọ.